Ilé Dídán Alhaji Mùrí

Láti ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan pánẹ́ẹ̀lì, irin pẹlẹbẹ tó ń dán, mọ́ ara ilé ni ara ti ń fu Rìnsọ́lá. Ilé alájà mẹ́ta ni, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ilé-Ogbó, sìmẹ́ǹtì lásán ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n fẹ́ fi Alhaji Mùrí tó ni ín jẹ Bàbá Àdínnì mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ó sì ní ilé òun kò gbọdọ̀ rí wúruwùru lójú àlejò. Kò pẹ́ kò jìnnà, ilé ti ń dán gbinrin bí agolo mílíìkì. Gbogbo àdúgbò ń kí onílé kú oríire. Rìnsọ́lá náà kí i, àmọ́ ètè lásán ló fi kí i.

Tíṣà ni Rìnsọ́lá níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Òkè pátápátá ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Màámi Àdùkẹ́, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, irin ni wọ́n sì fi dí gbogbo fèrèsé nítorí olè. Bí Màámi bá fẹ́ lọ sí ọsibítù, ọkùnrin méjì ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀, wọn á sì sinmi lágbedeméjì. Rìnsọ́lá ti wá yàrá ilẹ̀ títí ó fi sú u; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tó wá rí i lórí fóònù bí irú ilé báyìí ṣe jóná lókè òkun, tí iná gba ara ògiri gun òkè kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó fi oúnjẹ tó ń jẹ sílẹ̀.

Ó lọ bá Alhaji, ó kúnlẹ̀, ó bi í bóyá iná kì í ràn mọ́ nǹkan náà. Alhaji rẹ́rìn-ín, ó ní irin ni, ta ló gbọ́ ọ rí pé irin ń jóná? Ó tilẹ̀ fi Ọlọ́run búra. Ní àdúgbò yẹn, bí ẹni tó ti ṣe Hájì bá ti búra, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, ẹni tó bá tún béèrè di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Rìnsọ́lá dúpẹ́, ó gòkè lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń gbé ilé náà, kò gbọ́ ọ kí Alhaji búra lórí omi tí kò yọ tàbí lórí òrùlé tó ń jò. Ìbéèrè kan péré lórí iná ló mú un búra. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Látìgbà náà, kò sí ohun tí kò fura sí mọ́. Bí jẹnẹrétọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ bá wúkọ́, á yọjú. Bí wọ́n bá ń sun ìdọ̀tí lẹ́yìn ọgbà, á dúró ti fèrèsé títí eérú á fi tutù. Màámi ní kó fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run kì í sùn. Ó dáhùn pé òótọ́ ni, àmọ́ a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Nígbà tí ìwúyè ku ọ̀la, àwọn obìnrin péjọ láti dáná. Ẹ̀yìnkùlé ilé yìí ni wọ́n ti máa ń dáná sàárà, ìbáà ṣe ìsọmọlórúkọ, ìbáà ṣe wàlímà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri gan-an ni wọ́n máa ń to ààrò sí, kí atẹ́gùn má bàa da iná láàmú. Halimah, ìyàwó Alhaji, ti to ààrò àkọ́kọ́, igi ti ń ràn, Rìnsọ́lá ń bá wọn gé àlùbọ́sà, nígbà tí Alhaji já dé láti àárín àlejò, fìlà ò dúró lórí. Ó ní kí wọ́n kó ààrò kúrò kíá, kí wọ́n gbé e kọjá ọgbà, sórí ilẹ̀ òfìfo òdìkejì. Halimah ní ibẹ̀ jìnnà sí omi, atẹ́gùn sì pọ̀ níbẹ̀. Alhaji ní èéfín á ba ògiri òun jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta. Ṣùgbọ́n Rìnsọ́lá ń wo ojú onílé, kò sì rí ẹni tó ń ṣàánú ògiri lójú yẹn. Ẹni tẹ́rù ń bà ló rí. Alhaji fúnra rẹ̀ ló gbé korobá, tó da omi sí igi náà. Iná ti kú tipẹ́, ó ṣì ń dà á, títí ilẹ̀ fi di ẹrọ̀fọ̀.

Rìnsọ́lá fi àlùbọ́sà sílẹ̀, ó gòkè lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá Ràhámọ̀tù, ìyá tó bí Alhaji, ló bá lórí ibùsùn Màámi. Yàrá ìyá yìí àti tàwọn Rìnsọ́lá kọjú síra lókè. Àwọn ìyá méjèèjì ti di ọ̀rẹ́ tipẹ́, tọ̀hún á mú tẹ̀sùbáà dání, Màámi á mú ìwé orin, wọn á sì jọ máa sọ̀rọ̀ ọmọ wọn láìdáa. Lọ́jọ́ yìí, àpò ẹrù wà lẹ́sẹ̀ ìyá. Ó ní ọmọ òun ní kí òun kó lọ sí agboolé wọn nínú ìlú, kí òun má sì sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ òun kò lè lọ láìdágbére.

Rìnsọ́lá bi í pé kí ló dé. Ìyá wo ilẹ̀.

"Ọmọ mi, n kò lè purọ́ fún ọ. Ẹni tó kan nǹkan yìí ló padà wá sọ fún un pé ike ló wà nínú irin yẹn. Ó ní bí iná bá kàn án, kò sẹ́ni tó lè pa á. Mùrí ní bí òun bá ti joyè tán, òun á wá nǹkan ṣe sí i."

Inú bí Rìnsọ́lá débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà mọ̀, ó ń kó ìyá tirẹ̀ sá, ó sì fi ìyá òun sílẹ̀. Ẹsẹ̀ Màámi ló ń wò, Màámi náà sì ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó máa lọ ní àlàáfíà. Ìyá Ràhámọ̀tù dìde. Ó tún jókòó.

Alhaji gòkè wá, ó ní mọ́tò ti dé. Ìyá ní ibi tí Àdùkẹ́ bá sùn ni òun náà máa sùn. Alhaji ní kò sí nǹkan kan, ariwo àlejò lòun fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí kò bá sí nǹkan, Mùrí, fi mí sílẹ̀ síbí," ni ìyá wí. "Bí nǹkan bá sì wà, ìyá ta ni o fẹ́ kó jóná?"

Alhaji kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gbé àpò, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó jáde.

Kí wọ́n tó kírun àsárì, àwọn òṣìṣẹ́ ti gbé àkàbà dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pánẹ́ẹ̀lì lójú àlejò. Rìnsọ́lá yọjú láti wo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ fèrèsé Ìyá Ràhámọ̀tù ni. Ó padà wọlé, ìyá sì rí i lójú rẹ̀ pé fèrèsé òun ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ìyá lọ sí yàrá rẹ̀, ó ká ẹní rẹ̀, ó wá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màámi, ó ní kí Rìnsọ́lá lọ sọ fún Mùrí pé òun ti kó síbí.

Rìnsọ́lá sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó jíṣẹ́. Alhaji wo òkè. Ó ní kí wọ́n gbé àkàbà lọ sí abẹ́ fèrèsé Màámi.