Ìlà Ọ̀sán Tí Wọ́n Fà Láàárọ̀

Ọ̀sán gangan ni Tìṣà Mórádékẹ́ lá àlá tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí, lórí tábìlì yàrá àwọn olùkọ́, láàárín agogo ìsinmi àti agogo ìpadàwọlé. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Oorun ọ̀sán kì í béèrè ibi tó yẹ kéèyàn sùn sí. Bí ẹ bá bi obìnrin náà títí dòní, ọpẹ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ọpẹ́ náà ló sì fi ń parí ẹ̀. Èmi náà á bá a dúpẹ́ ná, kí n tó sọ ọ́.

Oṣù kejì rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Òkèhò. Igi kajú pọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé náà ju ọmọ ilé ìwé lọ, kànga àtijọ́ kan sì wà láàárín wọn tí ìdérí rẹ̀ ti fọ́. Kíláàsì kejì ni wọ́n fún un, ogójì ọmọ tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ tó dé, ọ̀gá ilé ìwé gbé rẹ́jísítà lé e lọ́wọ́, ìwé ńlá tí wọ́n fi ń mọ ọmọ tó wá àti èyí tí kò wá.

"Ìwé òfin lẹ gbé dání yẹn o," ni ọ̀gá wí. "Ẹ ka ọmọ láàárọ̀, kí ẹ fa ìlà fún ẹni tó bá wà. Ẹ tún wọn kà lọ́sàn-án, kí ẹ fa òmíràn. Ẹni tí kò bá sí, òdo ni kí ẹ kọ fún un. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí, ìwé yìí ni ojú yín."

Ọ̀gá kò tíì rìn jìnnà tí Ìyá Fọlákẹ́ fi fa Mórádékẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tìṣà àgbà ni, ó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún níbẹ̀.

"Ọmọ mi, má da ara ẹ láàmú," ló wí. "Ọmọ tó bá wá láàárọ̀, ibo ló fẹ́ lọ lọ́sàn-án? Fa méjèèjì pọ̀ láàárọ̀, kó o lè ráyè jẹun."

Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, Mórádékẹ́ náà sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó fi báírò pupa fa ogójì ìlà fún àárọ̀, ó fa ogójì fún ọ̀sán, aago mẹ́sàn-án kò sì tíì lù. Nígbà tí agogo ìsinmi dún, ó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti làágùn lé rẹ́jísítà lórí, oorun sì gbé e lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ nínú àlá ni pé rẹ́jísítà wúkọ́.

"Tìṣà," ni ìwé náà wí, "gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ kúrò lórí ọmọ ọlọ́mọ. Wọn ò rí afẹ́fẹ́ mí."

"Ẹ má bínú, sà," ni Mórádékẹ́ dáhùn. Ohùn àgbà ọkùnrin ni ìwé náà ní, wọ́n sì ti kọ́ ọ nílé pé kò gbọdọ̀ bá àgbà jiyàn.

"Ogójì lo ní wọ́n jẹ́ lọ́sàn-án yìí. Mo ti ka inú ara mi lẹ́ẹ̀mẹta, mọ́kàndínlógójì ni mò ń rí. Àyè ẹnì kan ṣófo nínú mi, ó sì ń dùn mí wọ egungun. Wọ́n ń pè ọ́ lókè."

Mórádékẹ́ wòkè. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló léfòó lójú ọ̀run lókè pápá bọ́ọ̀lù, odindi ilé pẹ̀lú páànù àti fèrèsé rẹ̀. Okùn ìsáṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó gólì kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ó dùn mọ́ ọn nínú pé wọ́n ti gbé ọ́fíìsì náà súnmọ́ tòsí, nítorí kò ní máa gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ mọ́.

Àwọn ìlà pupa tó ti fà ló di àkàbà tó gùn. Ìlà àárọ̀ le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀. Tọ̀sán rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, gbogbo ìgbà tó bá tẹ ọ̀kan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já sí òfìfo. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi gòkè.

Alábẹ̀wò ilé ìwé mẹ́ta ló jókòó dè é, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan, gbogbo wọn wọ kóòtù.

"Láti ìgbà tí agogo bá ti dún láàárọ̀ títí ọmọ yóò fi padà sọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀," ni àgbà wọn bi í, "ta ni òbí ọmọ náà lójú òfin?"

"Bàbá rẹ̀ ni, sà."

"Bàbá rẹ̀ wà lóko. Mo ní ta ni?"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni etí rẹ̀ ń gùn. Irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, ìwo hù lórí, ó di òbúkọ pátápátá, táì rẹ̀ sì wà lọ́rùn síbẹ̀. Mórádékẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ìgbà tí fìlà àgbà bá ṣàdédé bọ́ sílẹ̀.

"Èmi ni, sà," ló wí.

"Ó mọ̀ ọ́n," ni ọkùnrin kejì wí. Òun náà ti di òbúkọ, ó sì ń fi pátákò kọ̀wé. "Bí ẹni tí o kò mọ̀ rí bá dé ẹnu géètì pé òun fẹ́ mú ọmọ lọ ńkọ́?"

"N kò ní fún un, sà, àfi bí òbí rẹ̀ bá ti bá ọ̀gá wa sọ ọ́."

"Bí àwọn ọmọ bá ń pariwo, ṣé wàá nà wọ́n?"

Kí Mórádékẹ́ tó lanu, pankẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ abíyá rẹ̀ dáhùn. Kò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀.

"Èmi ni kí ẹ bi," ni pankẹ́rẹ́ wí. "Obìnrin yìí ò na ẹnì kankan rí. Ó kàn ń gbé mi kiri ni, tórí àwọn ogójì ọmọ yẹn ń bà á lẹ́rù. Láràárọ̀ ló ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíláàsì, tí yóò mí kanlẹ̀ kó tó wọlé."

Òótọ́ ni. Mórádékẹ́ kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà kò sọ fún ìyá tó bí i. Ọkàn rẹ̀ wá fúyẹ́ pé ẹnì kan ti bá a sọ ọ́ síta, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ pankẹ́rẹ́.

"Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ níbí," ni alábẹ̀wò obìnrin wí pẹ̀lẹ́. Ewúrẹ́ funfun ni nísinsìnyí, ó sì ti fa rẹ́jísítà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ láti ojú ewé àkọ́kọ́. "Kéèyàn fa ìlà fún ọmọ tí kò wò lójú ni ẹ̀ṣẹ̀. Lọ wá ọmọ náà. Bí mo bá jẹ ìwé yìí dé orí orúkọ rẹ̀ kó o tó rí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ pé ó wá sílé ìwé lónìí."

Mórádékẹ́ ní òun ti gbọ́, mà, ó sì bá ara rẹ̀ ní kíláàsì. Orí bẹ́ǹṣì kékeré ló jókòó sí, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àyè ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Àyè Àṣàkẹ́ Lámídì ni, ọmọ ọdún méje kan tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Láàárín ogójì ọmọ, ibi tí ariwo bá ti ń wá ni ojú tìṣà tuntun máa ń lọ, ojú Mórádékẹ́ kì í sì í sábà dé ọ̀dọ̀ Àṣàkẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà rọ́bà kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Ibo lẹni tó ni ọ́ wà?" ló bi bàtà náà.

"Ó ti lọ. Ara rẹ̀ ò dá látàárọ̀. Ó nawọ́ sókè kó lè sọ fún yín, ẹ̀yin ń fa ìlà."

Ohùn kékeré kan wá dún láti ibi tó jìn. "Ẹ ti máàkì mi, mà. Mo rò pé mo wà níbẹ̀ ni."

Nínú gbogbo ohun tí Mórádékẹ́ gbọ́ nínú àlá yìí, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni kò lè gbà wẹ́rẹ́. Ó bú sẹ́kún. Ó ń gbọ́ bí ewúrẹ́ funfun ṣe ń rún ìwé lókè, ó ti dé orí àwọn ọmọ tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. Ó fò sókè, ó di etí ìwé náà mú, ewúrẹ́ ń fà, òun náà ń fà. Agogo dún.

Agogo ìpadàwọlé ni. Mórádékẹ́ lajú, ó rí i pé òun di rẹ́jísítà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Òbúkọ kan ti ki orí bọ ojú fèrèsé, ó ń jẹ kajú, omi rẹ̀ ń kán sílẹ̀ ní irùngbọ̀n. Kò wọ táì. Ó ń wo Mórádékẹ́ bí ẹni tó ṣì ń retí èsì ìbéèrè.

"Kí ló ń lé ẹ?" ni Ìyá Fọlákẹ́ bi í bó ṣe ń sáré jáde, ṣùgbọ́n kò dúró.

Ó fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà. Mọ́kàndínlógójì. Ó tún wọn kà. Mọ́kàndínlógójì.

"Níbo ni Àṣàkẹ́ wà?"

"Ó ní òtútù ń mú òun, mà," ni ọmọbìnrin kan wí. "Ó ti lọ yáàrùn nídìí kajú."

Ẹ jẹ́ kí n má ṣàlàyé bó ṣe sáré. Ó bá ọmọ náà níbi tó sùn sí, kò tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí ẹnu kànga tí ò ní ìdérí. Ara rẹ̀ gbóná janjan, bàtà wà ní ẹsẹ̀ kan, kò sí ní ìkejì. Mórádékẹ́ kúnlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lu agogo, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òbúkọ. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi pọn ọmọ náà, ó kọrí sí ilé ìwòsàn. Ọ̀gá ń pe bàbá ọmọ lórí fóònù, Ìyá Fọlákẹ́ sì lọ dúró ní kíláàsì kejì. Ó ń ka àwọn ọmọ lákàtúnkà.

Tó bá dé, Mórádékẹ́ yóò fi báírò yí ìlà ọ̀sán kan po nínú rẹ́jísítà, yóò kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì buwọ́ lù ú, nítorí wọn kì í pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ṣì wà nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jí, tó na ọwọ́ gbígbóná kan, tó fi kan án lẹ́rẹ̀kẹ́, níbi tí yíǹkì pupa ti lẹ̀ mọ́ òógùn.

"Mà," ni Àṣàkẹ́ wí, "wọ́n ti máàkì yín."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Òótọ́ ni wọ́n kọ," ni Mórádékẹ́ wí. "Mo wà níbí."