Ohùn Àárín

Kí wọ́n tó gé gògóńgò Bàbá Olúyẹmí, kò sí awakọ̀ ní gáréèjì Bẹẹrẹ tí kò dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Òun ló ń pe èrò sínú máíkírà: "Mọ́kọ́lá, Sábó, ẹnì kan péré ló kù." Bó bá pè é, àwọn tó ń ti Mápó sọ̀ kalẹ̀ á ti máa yára ẹsẹ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì ọdún gbọọrọ ti ba etí rẹ̀ jẹ́, kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀fun ló dá a dúró. Jẹjẹrẹ ni, dókítà sì ní bí wọn kò bá gé e, yóò pa á.

Ọmọ méjì ló bí. Olúwaṣẹ́gun ni àkọ́bí, Yéwándé ló tẹ̀lé e. Ìyá wọn ti kú tipẹ́, ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Bẹyẹrúnká ni wọ́n sin ín sí. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ni ilé ọ̀hún, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Nígbà tí ògiri yàrá kan wó, Olúwaṣẹ́gun ní kí wọ́n kúkú wó gbogbo rẹ̀, kí wọ́n kó eegun ìyá àwọn lọ sí itẹ́ òkú, kí wọ́n kọ́ ilé gidi síbẹ̀. Inú bí Bàbá.

"Ta ló fún ọ láṣẹ láti wó ilé mi?"

"Bàbá, ṣé ilé tèmi náà kọ́ ni? Ilé ta ni?"

"Ilé Yéwándé ni. Òun ló mọ̀ pé ìyá òun sùn síbẹ̀."

Ìbínú ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Olúwaṣẹ́gun mú Evelyn, ìyàwó rẹ̀, ó kó lọ sí Òkè Bọ́lá, kò sì tún wọ ilé náà mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá, ó wá sí ọsibítù, ó dúró níta títí wọ́n fi ní iṣẹ́ ti parí láyọ̀, ó sì lọ kí Bàbá tó lajú.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Yéwándé ń ṣe, ètò ló ń kọ. Ó ti rí ètò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀mọ̀wé kan ṣe ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Tí èèyàn bá fún ètò náà ní ohùn ẹnì kan tó pọ̀ tó, yóò máa fi ohùn onítọ̀hún ka ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú rẹ̀ ní Yorùbá. Nítorí náà, kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó jókòó ti Bàbá, ó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, gbólóhùn lẹ́yìn gbólóhùn.

Ọ̀mọ̀wé náà ti pa ètò rẹ̀ tì. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, àfi kó kọ́ ọ fúnra rẹ̀ láti orísun, ìyẹn láti inú ohun tí ọ̀mọ̀wé náà kọ sílẹ̀. Kọ̀mpáílà ló ń sọ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ di ètò tí kọ̀ǹpútà lè lò, ọ̀kan-ò-jọ̀kan ẹ̀dà kọ̀mpáílà ló sì wà, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Muhydeen, ọ̀rẹ́ Yéwándé níbi iṣẹ́, ló ní ẹ̀dà kẹsàn-án ni kó lò.

"Ṣé tuntun kò dáa jù ni?" Yéwándé bi í.

"Ó dáa fún ètò tuntun. Èyí ti dàgbà. Ẹ̀dà tó wà lóde nígbà tí wọ́n ṣe é ni kó o wá."

Ó wá a, ó rí i, ó fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù, "Mọ́kọ́lá, Sábó" ló tẹ̀. Ó fi àmì sí i wínníwínní, nítorí òun ló ń kọ́ àwọn àgbà ní Yorùbá kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ohùn rẹ̀ jáde gbàgà, bíi ti Bẹẹrẹ gan-an. Ìyá Àtọ́kẹ́, aládùúgbò wọn, sáré wọlé, ó rò pé iṣẹ́ ìyanu ti ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín tí kò ní ìró, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ọdún kejì ni àìsàn náà padà dé, wọ́n tún dá Bàbá dúró sí ọsibítù. Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn gba ojú ihò páànù wọlé, ó rọ sórí láptọ́ọ̀pù Yéwándé, kò tàn mọ́. Ohùn tí ó gbà sílẹ̀ kò ṣòfò, ó ti tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn, ṣùgbọ́n ètò fúnra rẹ̀ ti lọ. Ibi iṣẹ́ fún un ní láptọ́ọ̀pù tuntun. Ẹ̀dà kẹtàlá ni kọ̀mpáílà inú rẹ̀.

Bàbá ń ṣẹ́wọ́ sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. Olúwaṣẹ́gun ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Yéwándé tẹ ẹnu mọ́ ọn létí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn, Bàbá."

Bàbá mi orí. Ó gba bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí oògùn: "Kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi. Jẹ́ kó gbọ́ ohùn mi."

Yéwándé wá ẹ̀dà kẹsàn-án síbi tí irú kọ̀ǹpútà yẹn ti ń gba ètò. Wọ́n ti kó o kúrò níbẹ̀. Àfi kó kọ́kọ́ kọ́ kọ̀mpáílà àtijọ́ náà gan-an láti orísun, kó tó wá fi í kọ́ ètò ohùn. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni, iná ò sí, bátìrì ò sì lè gbé e délé. Ó wo Bàbá. Ìrùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán, ojú rẹ̀ sì ń wo ọwọ́ Yéwándé. Ó jẹ́ kí ẹ̀dà kẹtàlá ṣe é.

Ó ṣe é. Ìkìlọ̀ ń ṣàn lójú láptọ́ọ̀pù bí omi, ṣùgbọ́n àṣìṣe kankan kò dá a dúró. Yéwándé tẹ "Mọ́kọ́lá, Sábó", ohùn jáde, kò ní àbàwọ́n. Ó gbé láptọ́ọ̀pù lé Bàbá lẹ́sẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni Bàbá ń wá. Ohun tí ó tẹ̀ nìyí: "Ọmọ mi, Yéwándé ń tọ́jú mi dáadáa. O bi mí nígbà kan pé ilé ta ni. Ilé rẹ ni. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn."

Nígbà tí Yéwándé gbọ́ "Ọmọ mi" ní ohùn Bàbá nínú wọ́ọ̀dù yẹn, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì ń pè é lọ́wọ́ kan náà. Kò dúró gbọ́ ìyókù, ó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Olúwaṣẹ́gun.

Nígbà tó padà dé, èsì ti wọlé: "Mo ti gbọ́."

"Bàbá, wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

Bàbá dijú, ó mí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ní kí wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì òun kí òun lè máa wo ẹnu ọ̀nà. Yéwándé pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò gbé e. Ó kọ̀wé sí i pé Bàbá ń retí yín, kò dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí ilẹ̀kùn, Bàbá á gbé orí sókè. Nígbà tó yá, kò lè gbé e mọ́, ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí. Ibẹ̀ ló kọjú sí nígbà tó kú.

Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Olúwaṣẹ́gun wá, ó da erùpẹ̀ tirẹ̀, ó sì ń lọ. Yéwándé tẹ̀lé e.

"Bọ̀dá mi, kí ló dé tí ẹ kò yọjú? Bàbá retí yín títí."

"Retí mi kí n wá ṣe kí ni? Ìwọ kọ́ lo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi?"

Ó fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Bàbá jáde: "Ọmọ mi, Yéwándé ń tọ́jú mi dáadáa. O bi mí nígbà kan pé ilé ta ni. Ilé rẹ̀ ni. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn."

Yéwándé di apá rẹ̀ mú. "Ohun tí wọ́n tẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ilé rẹ ni wọ́n kọ. Ilé tìrẹ."

"Mo mọ ohùn bàbá mi, Yéwándé. Mú ilé rẹ. Mi ò bá ọ du ilé."

Ó lọ.

Yéwándé gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá Muhydeen. Wọ́n jọ tú ìkọ̀wé ọ̀mọ̀wé náà wò. Ó ti fún ohùn òkè ní iye tirẹ̀, ó fún ohùn ìsàlẹ̀ náà, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ tàbí ọ tí kò ní àmì ohùn lórí bá ti tẹ̀lé ohùn òkè, ó gbàgbé láti fún ohùn àárín ní iye kankan. Kọ̀mpáílà àtijọ́ máa ń bá a fi òdo sí irú àlàfo bẹ́ẹ̀, ohùn á sì dúró láàárín. Tuntun kò fi nǹkan kan síbẹ̀, ohun tó bá ti wà nílẹ̀ ló ń mú, ohùn á wá já sí ìsàlẹ̀, "rẹ" á sì di "rẹ̀".

"Kò sí ẹni tó lè mọ̀," Muhydeen wí.

"O sọ fún mi pé ẹ̀dà kẹsàn-án."

Muhydeen tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì kọ́ kọ̀mpáílà àtijọ́ náà láti orísun, wọ́n fi í kọ́ ètò ohùn, wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ Bàbá gbé sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ilé rẹ ni," kedere, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Yéwándé gbé e lọ sí Òkè Bọ́lá. Olúwaṣẹ́gun kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́, Evelyn ló bẹ̀ ẹ́. Yéwándé ṣàlàyé kọ̀mpáílà méjèèjì fún un, ó fi ọ̀rọ̀ tí Bàbá tẹ̀ hàn án, ó sì jẹ́ kó gbọ́ ọ. Olúwaṣẹ́gun ní kó tún un tẹ̀.

"Ṣé ó bèèrè mi?"

"Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò títí wọ́n fi lọ."

"Nígbà tí mo rò pé ó kọ̀ mí, ó rọrùn fún mi. Mo ń bínú sí i. Ta ni kí n máa bínú sí báyìí?"

"Èmi ni, Bọ̀dá mi. Ẹ bínú sí mi."

Kò bínú sí i. Ì bá sàn kó bínú.

"Ṣé ẹ ó wá sílé?"

"Ta ni mo fẹ́ bá níbẹ̀?" Ó dìde, ó kọjú sí fèrèsé. "Fi ránṣẹ́ sí mi, kó o máa lọ."

Yéwándé fi ránṣẹ́ níbi tó dúró sí, ó jáde. Evelyn sìn ín dé gééètì. Wọn kò tíì ṣí i tí wọ́n fi gbọ́ Bàbá nínú pálọ̀, tó ń pe ọmọ rẹ̀, tó ń sọ fún un pé ilé rẹ̀ ni, tó tún ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Evelyn di ọwọ́ Yéwándé mú. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ.