Ọjọ́ Tí Anfisa Lu Agogo

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta gbáko ni Pantelimon kò fi ẹsẹ̀ kan ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ abúlé wọn ní Moldova. Inú ọgbà náà ni wọ́n ti ń dìbò, nítorí náà kò dìbò rí. Kíláàsì kẹta ló wà nígbà tí olùkọ́ kan ní kó kúnlẹ̀ lórí èèpo àsálà lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, torí pé kò mọ ìwé kà dáadáa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àgbà kankan kò sì sọ pé kò dáa. Ó dìde, ó gba ẹnu géètì jáde, ó sì búra pé òun kò ní padà. Olùkọ́ náà ti kú tipẹ́. Ìbúra kò kú.

Ṣùgbọ́n Anfisa, ọmọ ọmọ rẹ̀, fẹ́ kàwé. Ọmọ ọdún méje ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e rí. Ìyá rẹ̀ ń tọ́jú arúgbó kan ní Ítálì, ọ̀dọ̀ Pantelimon ni ọmọ náà ń gbé. Nígbà tí Olimpia, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, wá sọ pé Anfisa ni yóò lu agogo ọjọ́ ìwọlé, ayọ̀ kò jẹ́ kí ọmọ náà jẹun. Bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn: ọmọkùnrin tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn yóò gbé ọmọ kíláàsì kìíní kan lé èjìká yí àgbàlá ká, ọmọ náà yóò máa mi agogo, ẹ̀kọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá àgbà, ṣé ẹ máa wá wò mí?"

"Màá wà ní géètì."

"Ẹ wọlé wá!"

"Mo ní màá wà ní géètì."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó ti Anfisa lórí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ẹnu géètì, olùkọ́ kan sì gbà á wọlé. Glafira, aládùúgbò rẹ̀, rí i níbi tó dúró sí.

"Pantelimon, ṣé ajá ni wọ́n so síbẹ̀ ni?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Àwọn tẹ́ ẹ ń bínú sí ti wà ní itẹ́ òkú."

Agogo dún. Àwọn ìyá sunkún ayọ̀, Olimpia náà nu ojú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ti fi dánra wò: orin, rìbọ́ọ̀nù, ibi tí ọmọkùnrin tó gbé Anfisa léjìká yóò ti yípadà. Nígbà tó parí, ó gbé Anfisa sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nídìí àtẹ̀gùn, ó sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òkè ni kíláàsì kìíní wà. Àwọn ọmọ di ara wọn lọ́wọ́ mú ní méjì-méjì, wọ́n gòkè. Kálukú rò pé ẹlòmíràn ló ń gbé Anfisa bọ̀. Àwọn òbí lọ sílé. Àgbàlá dá páropáro.

"Bàbá àgbà!"

"Wọ́n ń bọ̀ wá gbé ẹ! Dúró!"

Ó wí lọ́kàn rẹ̀ pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá. Iṣẹ́ wọn ni. Bí mo bá wọlé, ojú kò ní tì wọ́n. Anfisa pè é lẹ́ẹ̀kejì. Pantelimon di irin géètì mú. Ọmọ náà kò pè é mọ́. Ó yọ́ sílẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́, ó gbọ́wọ́ lé àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fàyà fà gòkè nínú aṣọ funfun rẹ̀. Orí àwọn ọmọ kún ojú fèrèsé lókè. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù sì bá a rín in.

Pantelimon kò mọ ìgbà tó kọjá géètì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí."

"Anfisa mi..."

"Mo pè yín. Ẹ gbọ́. Ẹ gbé mi lọ sílé."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ọkùnrin abúlé ti kó tábìlì kíláàsì kìíní wá sísàlẹ̀, ọkọ Glafira sì kan pákó síwájú ilẹ̀kùn kí kẹ̀kẹ́ lè gbà á wọlé. Olimpia wá bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ̀bi wa ni, Bàbá. Gbogbo nǹkan la rántí, àfi àtẹ̀gùn."

Anfisa kọjú sí ògiri. "Mi ò lọ."

"Ọmọ mi," Pantelimon bẹ̀ ẹ́, "ìbínú kì í kọ́ni níwèé."

"Ṣé ẹ̀yin padà ni?"



Láti ọjọ́ Ajé, Pantelimon ń dá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àga tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Anfisa ló ń jókòó lé, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó ń kọ ohun tí àwọn ọmọ ń kọ. Tó bá délé, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á máa ka ohun tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà sókè. Anfisa á fa ìrọ̀rí bo etí. Bàbá àgbà á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìwé.