Ojú Ọmọ Nínú Tẹlifíṣọ̀n Tuntun

Télọ̀ ni ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá Oníròyìn ni àdúgbò ń pè é, nítorí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìlú mìíràn. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ inú pálọ̀ rẹ̀ ti ṣú, àfi bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀. Kò dà á láàmú. Bí ọmọ bá ti ní, "Ẹ káalẹ́ o," òun náà á dáhùn láti ìdí máṣíìnì, "Káalẹ́, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ra tuntun, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri tán. Ó ní, "Màmá, bí eṣinṣin bá bà lé èèyàn nínú èyí, ẹ ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀." Wọ́n kọ́kọ́ wo ẹja inú òkun. Ìyá ń rí ìpẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní wọn ò tíì sè é, itọ́ ti ń dà lẹ́nu òun.

Ìgbà tó yá, ìròyìn bẹ̀rẹ̀.

Ohùn ọmọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n pọ́dà nípọn lójú rẹ̀ bí ọ̀dà ara ògiri, funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n bí èèpo ọsàn. Aṣọ tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un ti tó ẹni méjì wọ̀.

"Kí ló ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Iná ibẹ̀ ni, Màmá."

"Iná kọ́. Bá mi pè é."

Ọmọ kọ́kọ́ ń ṣẹ̀fẹ̀ lórí fóònù, ó ní ara òun dá ṣáṣá. Ìyá ní, "Mo ti rí ojú rẹ."

"Ẹ̀dọ̀ mi ni, Màmá. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa sunkún ni mo ṣe bò ó."

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ìyá ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ bá a. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi ṣíbí fún un lómi ọbẹ̀, tó ń fi òróró ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Nígbà míì, ọmọ á kọjú sógiri.

"Ẹ má wò mí, Màmá. Mo ti di òbùrẹ́wà."

"Ta ló rẹwà tó ọ?"

Orí itan ìyá rẹ̀ ló kú sí, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọkùnrin náà jókòó sí pálọ̀, ó ń sunkún. "Èmi ni mo fà á. Bí mi ò bá gbé tẹlifíṣọ̀n yẹn wá, ẹ ò bá má rí i nínú irú ìyà yẹn."

Ìyá nu ojú ara rẹ̀ kó tó nu tiẹ̀. "Ṣé kí wọ́n kàn tẹ̀ mí láago pé ó ti kú ni? Mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tó dé, mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń lọ. Jẹ́ kí n rí ìyẹn dì mú."

Ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì sunkún títí ọ̀fun wọn fi gbẹ.