Ìṣó Méjì Létí Káńtà

"Màmá, ọ̀pá yín gùn ju ọ̀pá lọ." Káfíńtà tún na téèpù rẹ̀ láàárín ìṣó idẹ méjì tí wọ́n fi ń wọn ọ̀pá aṣọ létí káńtà, ó mi orí. "Ó fi ìbú àtàǹpàkò kan lé."

Ẹni tó fẹ́ máa ta fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù náà ló ní kó wá gé káńtà sí méjì. Ìyá Aláṣọ jókòó lórí àpótí, ó di kọ́kọ́rọ́ mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú. Ó ti bẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin títí pé kí wọ́n gbé káńtà náà lọ sílé, ṣùgbọ́n iyàrá ọmọ ò gbà á. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun àti ìgàn aṣọ ló ń wo ara wọn. Àwọn oníbàárà àtijọ́ ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí fóònù làwọn ọmọ wọn ti ń ra èyí tí wọ́n ti rán tán.

Ọmọ rẹ̀, tó ń di aṣọ tó ṣẹ́ kù sínú àpò, gbójú sókè. "Ṣé ọjà lẹ̀yin àti Bàbá ń tà láti ọjọ́ yìí, àbí sàráà lẹ ń ṣe? Abájọ."

"Mo sọ fún bàbá rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án pé ìṣó kejì ti ré kọjá. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n ní aṣọ máa ń súnkì tómi bá kàn án, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà máa wọ ṣòkòtò tó fò sókè."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ibí ni ìyá mi ti ra aṣọ ṣòkòtò iléèwé mi. Mo wọ̀ ọ́ títí ó fi ya. Kò fò."

Ọmọ Ìyá Aláṣọ gbé àpò sílẹ̀. Ó rọra ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fún onífóònù ní kọ́kọ́rọ́."

Ìyá Aláṣọ dìde. Ó fa ìgàn funfun kan yọ nínú àpò, ó fi etí rẹ̀ ti ìṣó àkọ́kọ́, ó nà án dé èkejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ níbi tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti fá pákó náà jìn. Ó gé e, ó ká a.

"Kí lẹ fẹ́ fi rán?" ọmọ rẹ̀ béèrè.

"Mi ò ní rán an. Mi ò sì ní fi omi kàn án. Mo fẹ́ kí n ṣáà máa rí bí ọ̀pá bàbá rẹ ṣe gùn tó."

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sí àárín ìṣó méjèèjì.

"Ó yá, ọmọ mi," ó wí fún káfíńtà. "Máa gé e."