Rúlà Lójú Tẹlifíṣọ̀n

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án Sátidé, ẹ má bínú bí n kò bá dá yín lóhùn nípa ṣòkòtò tí ẹ gbé wá fún àtúnrán. Kóòtù ń jókòó nígbà náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi á ti dákẹ́, tẹlifíṣọ̀n á ti wà ní títàn, àwa tí a mọ ẹjọ́ dá ju àwọn adájọ́ lọ á sì ti yí tábìlì ìgéṣọ ká.

Ẹjọ́ ijó orí yìnyín là ń dá, ti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì bọ́ sí ẹgbẹ́ àgbà. Bí wọ́n bá ti ṣe ìdíje kan tán, tí àwọn adájọ́ ti pín máàkì wọn bó ṣe wù wọ́n, àwa á tún fídíò rẹ̀ wò, a ó sì pín tiwa. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára aṣọ la fi ń kọ ọ́ sórí tábìlì. Ọmọ tí a bá fẹ́ràn ló sábà máa ń gba ipò kìn-ín-ní. A kì í pe ìyẹn ní ojúsàájú. Ìmọ̀ là ń pè é.

Dá-a-dúró ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi. Òun ló ń ya fídíò, òun náà ló ń dá a dúró níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ bá ti kan yìnyín, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ìyá Nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ máa ń tutù bí ohùn ẹni tó fẹ́ gún èèyàn lábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ náà sì máa ń tẹ̀ lé e. Baba Awakọ̀ ń wa bọ́ọ̀sì, ó máa ń yà sọ́dọ̀ wa bó bá fẹ́ sinmi, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín fífò kan àti èkejì. Bí ọmọ kò bá ṣáà ti ṣubú, á ní ó ṣe dáadáa. Bó bá ṣubú, á ní yìnyín ni kò dáa.

Èmi ni mo ni rúlà. Rúlà onígi tí mo fi ń wọn etí aṣọ ni mo máa ń gbé lé ojú tẹlifíṣọ̀n, tí n ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tẹ̀ lé irin abẹ́ bàtà, kí gbogbo ayé lè rí ibi tó kọjú sí. Òfin wọn nìyí: ọmọ tó bá ní òun fẹ́ yí lẹ́ẹ̀mẹta lókè gbọ́dọ̀ yí i pé kó tó balẹ̀. Bí ohun tó kù nínú ìyípo ìkẹyìn bá ti ju ìdámẹ́rin lọ, obìnrin onígíláàsì kan tí wọ́n fi ṣọ́ ẹsẹ̀ wọn á gé máàkì ọmọ náà. Obìnrin yẹn la sọ ní Ojúòríran. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó gé máàkì Òòyì ni.

Òòyì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Láti kékeré ló ti ń pòòyì káàkiri yàrá títí abọ́ olówó iyebíye ìyá rẹ̀ fi tán nílé. Níbi ìdíje tí wọ́n ti fẹ́ mú ẹni méjì lọ sínú tíìmù, ó ṣe ipò kẹta. Ọmọ Dókítà Eyín ló ṣe èkejì, ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń polówó iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Aṣọ búlúù ló wọ̀. Aṣọ búlúù lèmi náà rán fún Òòyì. Mo ní wọ́n jí àwọ̀ wa, ẹni tó bá sì rò pé búlúù kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni, kó gbé aṣọ rẹ̀ lọ fún aránṣọ mìíràn.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà lọ́jọ́ náà, ọmọ yìí kò la ẹnu. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Mo ní wọ́n jà á lólè. Mo ní wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà. Mo ní bó tiẹ̀ fò tó fi orí kan òrùlé, Ojúòríran kò ní rí i. Mo rò pé ìtùnú ni mò ń fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni Òòyì kò ti fẹsẹ̀ kan yìnyín mọ́.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n mi pè mí kí kóòtù tó jókòó.

"Ọmọ ẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín o," ó ní. "Ó ti di bàtà yìnyín ẹ̀ sínú àpò. Ó ní kí Dá-a-dúró bá òun gbé e sórí fóònù kí wọ́n lè rà á. Ó lóun ò ṣe mọ́."

"O ò bá a sọ̀rọ̀ ni?"

"Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ìwọ ló máa ń gbọ́ tiẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi wá nǹkan ṣe."

Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ọkàn mi sì bàjẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ dúró nínú òtútù pápá yìnyín láti ìgbà tí ọmọ yẹn kò tíì lè so okùn bàtà rẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ipò ọmọ á padà sọ́wọ́ ọmọ.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Orí ìjókòó òkè pátápátá ni Dá-a-dúró ti ya fídíò ìdíje náà, ó sì ti gé ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti fò sọ́tọ̀, láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ nìkan, torí pé a kì í gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ káàkiri. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé ká fi ti ọmọ Dókítà Eyín ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń mú tíìmù kí wọ́n tó kéde. Bí wọ́n bá rí i pé tirẹ̀ náà kò pé, wọ́n á gé e, Òòyì á bọ́ sí ipò kejì, bàtà kò ní di títà. Pé ìgbìmọ̀ náà ní fídíò tiwọn kò sí lọ́kàn ẹnì kankan nínú wa.

"Ẹ wò ó," Dá-a-dúró ní, ó sì dá a dúró.

Ẹsẹ̀ kan gba ojú tẹlifíṣọ̀n. Síkẹ́ẹ̀tì búlúù ti fò sókè, irin abẹ́ bàtà sì kọ ẹ̀gbẹ́ síbi tó yẹ kó kọjú sí, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò tì dáadáa.

"Èyí kì í ṣe ìdámẹ́rin rárá," Ìyá Nọ́ọ̀sì ní, ohùn rẹ̀ tutù. "Ó tó ìdajì. Ọmọ yìí yí díẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ dọ̀la."

"Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan gan-an, mo rí i," Baba Awakọ̀ ní.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," èmi náà ní. "Ojúòríran rí tiwa, kò rí eléyìí. Ẹni tó kọ́ ọmọ yìí ní fífò, ó yẹ kó lọ máa kọ́ ewúrẹ́."

Mo gbé rúlà lé e. Mo na ṣọ́ọ̀kì láti fa ìlà, ọwọ́ mi bá dúró. Etí síkẹ́ẹ̀tì tó fò sókè náà ní ìrépé aṣọ kan lẹ́yìn, tí dídán rẹ̀ kọjú sí ibòmíràn. Mo mọ ìrépé yẹn. Nígbà tí mò ń rán aṣọ Òòyì, aṣọ kò tó mi, mo bá lẹ ìrépé mọ́ ọn níbi tí mo gbà pé ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé. Ojú kò sì ní débẹ̀ lóòótọ́, àfi bí síkẹ́ẹ̀tì bá fò, tí ẹnì kan sì dá a dúró. Dá-a-dúró ti ṣi fídíò mú. Ẹsẹ̀ ọmọ wa la ti ń bú láti ẹ̀ẹ̀kan.

N kò ní parọ́ fún yín, mo fẹ́ dákẹ́. Kò sí ojú nínú àwòrán náà, búlúù sì ni búlúù. Bó bá lọ, wọ́n lè yọ ọmọ Dókítà Eyín, tiwa á wọlé, ẹ̀gbọ́n mi á sinmi ẹkún. Mo rọra sún rúlà lọ sókè kó bo ìrépé náà. Dá-a-dúró ti na ìka sí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí fídíò tó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀.

"Dúró ná," Ìyá Nọ́ọ̀sì ní, ó sì gbé rúlà mi kúrò. "Ẹ wo ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì yìí. Ṣé iṣẹ́ tí dókítà ńlá sanwó fún nìyí? Ṣe ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ bíi táyà kẹ̀kẹ́. Ẹni tó rán eléyìí, kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó fi ṣe ara ẹ̀ léṣe."

"Ó tiẹ̀ wọ́," Baba Awakọ̀ ní.

"Kí ló wọ́?" mo bi í.

"Ìránpọ̀ ẹ̀."

"Kò wọ́. Èmi ni mo rán an, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba orí ẹ̀ kọjá. Ẹ fà á wò bóyá á ya."

Ohun tí ìwà rere kò rí fà jáde lẹ́nu mi, ìgbéraga ti fà á jáde.

Dá-a-dúró wo fóònù rẹ̀, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó tún wo fóònù. "Ti Òòyì nìyí?"

"Ti Òòyì ni."

Ìyá Nọ́ọ̀sì yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. "Ẹ jẹ́ ká tún un wò," ó ní. "Bí mo ṣe ń wò ó yìí, ó jọ pé ó pé."

"Ó pé," Dá-a-dúró ní. "Ibi tí mo jókòó sí ni. Téèyàn bá ya nǹkan láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo ẹ̀ ló máa ń wọ́."

"Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé yìnyín ibẹ̀ yẹn ò tẹ́jú," Baba Awakọ̀ ní.

"Rúlà yìí náà ti tẹ̀," Ìyá Nọ́ọ̀sì ní. "Àbí abíyá aṣọ ló fún ọmọ lápá, tí kò jẹ́ kó yí?"

Gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Òótọ́ ni pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wọ̀nyí ti fẹ́ fi ọwọ́ òsì júwe ṣọ́ọ̀bù mi.

"Kò fún mi lápá," ẹnì kan ní lẹ́nu ọ̀nà.

Òòyì ni, ó gbé àpò bàtà kọ́ èjìká. N kò mọ ìgbà tó ti dé. Ó kí wa níkọ̀ọ̀kan, ó gbé àpò sílẹ̀, ó sì lọ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Èmi nìyẹn?"

"Ìwọ ni," mo ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ, kẹ́ ẹ tún dá a dúró."

Dá-a-dúró ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ náà lọ sókè, ó balẹ̀, ó dúró síbi tó dúró sí. Òòyì gba rúlà lọ́wọ́ Ìyá Nọ́ọ̀sì, ó sì gbé e lé e fúnra rẹ̀.

"Kò pé," ó ní.

"Ó pé, ọmọ mi," Ìyá Nọ́ọ̀sì ní. "Ìrònú ló ń dà ẹ́ láàmú."

Òòyì kọjú sí mi. "Àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́?"

Gbogbo ohun tí mo sọ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́sí ló dìde jókòó síwájú mi. "Kò pé," mo ní. "Obìnrin yẹn ríran."

Mo ń retí ẹkún. Dípò ẹkún, ó mí kanlẹ̀, ó sì jókòó lé orí aṣọ oníbàárà.

"Wọn ò kórìíra mi nìyẹn?"

"Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ ẹ́," Dá-a-dúró ní.

"Àǹtí ní bí mo bá fò kan òrùlé, wọn ò ní fún mi. Mo wá ń rò ó pé kí ni mo tún ń fò sí. Tó bá jẹ́ adájọ́ ni, kí ni mo lè ṣe sí i? Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ mi ni, ẹsẹ̀ mi nìyí."

Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń tu ọmọ nínú ló ń lé e kúrò lórí yìnyín.

"Ti ẹnì kejì yẹn ńkọ́?" Òòyì bi Dá-a-dúró.

Dá-a-dúró wá a rí, ó gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ Dókítà Eyín yí, ó yí i pé pérépéré, irin rẹ̀ kọjú síbi tó yẹ. Kò sẹ́ni tó béèrè rúlà.

"Ó fò ó dáadáa," Òòyì ní.

"Ẹ̀rín ẹ̀ ló ń bí mi nínú," Ìyá Nọ́ọ̀sì ní.

"Bàtà tó o fẹ́ kí n bá ẹ tà ńkọ́?" Dá-a-dúró bi í. Ọkùnrin yìí kì í gbàgbé ọjà.

"Mo fẹ́ lò ó," ó ní, ó sì ti dìde.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Baba Awakọ̀ ní ká wọ bọ́ọ̀sì òun, pé ọ̀nà òun gba pápá yìnyín. Kò gba ibẹ̀. Àwọn èrò tó wà nínú ọkọ̀ bú wa láti ìkóríta dé ẹnu géètì, ó sì ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tíìmù ni.

Pápá náà kún fún àwọn ọmọdé tó ń di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ rì sómi. Òòyì wọ bàtà, ó wá ibi tó ṣófo láàárín, ó sáré, ó fò, ó sì fi ìdí balẹ̀. Baba Awakọ̀ la ẹnu láti sọ̀rọ̀ nípa yìnyín. Ìyá Nọ́ọ̀sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

Ó tún fò. Lọ́tẹ̀ yìí ó fẹsẹ̀ balẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó rẹwà débi pé obìnrin kan tí kò mọ̀ wá rí pàtẹ́wọ́. Òòyì wá bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, imú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ṣé ó pé?"

Àwọn mẹ́ta yòókù wò mí. Ó wù mí kí n sọ pé ó pé. Kò sí ohun tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

"Ó kù díẹ̀," mo ní.

"Báwo ló ṣe kù tó?"

N kò mú rúlà wá. Mo fi ìka méjì wọ̀n ọ́n fún un lórí irin náà. "Báyìí."

Ó tẹjú mọ́ àárín ìka mi méjèèjì.

"Ó ti dín kù," ó ní, ó sì padà sí àárín yìnyín.