Ọ̀bẹ Ni Oyèbọ̀dé Mú

Ó ti pẹ́ tí jẹ̀dí-jẹ̀dí ti ń bá Oyèbọ̀dé fà á, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ. Kẹ̀kẹ́ ló ń wà láti Chanchaga wọ àárín ìlú, ìjókòó sì ni iṣẹ́ ọ̀hún láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àgúnmu ti sú u. Ohun tó yọ sí i nídìí kò ṣeé tì padà mọ́. Lọ́jọ́ kan, agùnbánirọ̀ kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọra sọ fún un pé, "Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá, ẹ̀jẹ̀ wà lára ṣòkòtò yín."

Ilé ló gbà lọ tààrà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òun àti Jàmílàt, ìyàwó rẹ̀, ti wà ní ọsibítù. Àfi bó ṣe rí i pé obìnrin ni dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ.

"Ṣé kò sí ọkùnrin níbí ni?"

"Ẹ wọlé, sà," ni Dókítà Mọ̀ríámọ̀ dá a lóhùn. "Ìdí tí mo ti rí kò lóǹkà."

Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní, "A lè fi rọ́bà kékeré so ó lọ́rùn títí á fi rọ, tí á já bọ́. Ìrora rẹ̀ kò pọ̀, ẹ ó sì sùn sílé. Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń gé díẹ̀ lókè, tí á fi irin tín-ín-rín kan ìyókù mọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n Àbújá lẹ ó ti rí ìyẹn. Tàbí ká fọ̀bẹ gé e kúrò. Ìyẹn máa dùn yín gan-an, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ yàgbẹ́."

"Rọ́bà ni ká mú," Jàmílàt sọ kíá. "Bàbá Ameen, ẹ ò lè gba ìrora."

Oyèbọ̀dé kọjú sí dókítà. "Dókítà, èwo ni kì í padà wá?"

"Mi ò lè búra fún ìkankan. Ṣùgbọ́n bí tiyín ṣe tóbi tó yìí, rọ́bà lè má ká a. Ti ẹ̀rọ sì máa ń padà ju ti ọ̀bẹ lọ."

"Ìrora ọ̀bẹ ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Ẹ ò sì ní wa kẹ̀kẹ́ títí á fi jinná."

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ ìrora tí kò wo nǹkan kan sàn," ni Oyèbọ̀dé wí. "Èyí tó lópin ni mo fẹ́ jẹ báyìí. Ẹ gé e."

Wọ́n gé e. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yàgbẹ́, igbe "Wayyo Allah!" rẹ̀ dé ilé kejì. Jàmílàt sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Àbí mi ò sọ fún yín?"

"O sọ," ó fèsì, òógùn bò ó. "N ò kábàámọ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mi dà?"

Ó jókòó sínú bàsíà omi náà, ó di eyín. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́, ó ń jẹ ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́, títí dókítà fi ní ojú ọgbẹ́ ti jinná.

Nígbà tó padà sí gáréèjì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi í pé ibo ló wọlé sí.

"Jẹ̀dí-jẹ̀dí ni," ó sọ ọ́ síta gbangba. "Mo lọ gé e."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Uzair, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń tò sẹ́yìn tirẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ béèrè ọsibítù tó lọ: "Wane asibiti?"

Oyèbọ̀dé júwe ọ̀nà ọsibítù náà fún un.